Láti Ogun Bọ́mà dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa: Ìtàn Oògùn Olóró Láàárín Wa

  

Nígbà tí àwọn tó ń tẹ ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìtàn, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí ìtàn bí a ṣe tẹ Ẹdúnàbọ̀n dó, tàbí ìtàn Òrígbó lápapọ̀. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí á fi í lé wọn lọ́wọ́. Ìtàn oògùn olóró ni èmi mú wá. Ẹ má bínú pé kì í ṣe ìtàn ayẹyẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá pàdé báyìí, tí a ń bi ara wa léèrè ọmọ, ìdáhùn kan wà tí a máa ń fi ohùn kékeré sọ: "Lágbájá wà ńlé, ara rẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá." Kíá ni ẹni tó bèèrè yóò yí ọ̀rọ̀ padà sí iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì. Gbogbo wa la mọ ohun tí "ara rẹ̀ kò yá" túmọ̀ sí. A kàn ń bo ara wa láṣìírí ni.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn yìí sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí tó wọlé tọ̀ wá bí ọ̀tá. Bí olùrànlọ́wọ́ ni gbogbo wọn ṣe wá. Gbogbo ìgbà tí a sì fi ìbẹ̀rù àti ìtìjú nìkan lé wọn lọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé padà.

KÍ IGBÓ TÓ DÉ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn baba wa kò mọ ohun tó ń pa ni tàbí ohun tó ń yá ni lórí. Wọ́n ní obì, wọ́n ní orógbó, wọ́n ní tábà àti aáṣáà. Wọ́n ní ẹmu, ògùrọ̀ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbà wà yí i ká. Àgbà ló ń dá obì, ọmọdé kì í nawọ́ sí i ṣáájú. Ẹmu ní ibi tí a ti ń mu ún, ó ní ẹni tó ń bu ún, ó sì ní ẹni tí wọ́n á kọ̀ fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mu àmuyíràá, orin ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ṣe. Ìtìjú wà níbẹ̀, àmọ́ wọn kì í lé e kúrò láàárín ìlú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bá a wí, wọ́n á sì tún pè é síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Ọtí líle àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ ya ọgbà yẹn. Ọkọ̀ ojú omi ń kó jíìnì wá sí Èkó, ó di ohun tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó, tí a fi ń bọ òrìṣà, tí a fi ń kí ọba. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú dé lẹ́yìn 1929, owó wọ́n lọ́wọ́ aráyé, jíìnì òkèèrè kò ṣe é rà mọ́. Ni àwọn ènìyàn wa bá kọ́ bí a ṣe ń sè é láti ara ẹmu. Ògógóró nìyẹn. Ìjọba òyìnbó ní kò bófin mu, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ agolo, wọ́n ń kó ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn tó ń sè é kó wọ inú igbó àti etí odò, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Lónìí, ẹ lọ sí gáréèjì èyíkéyìí ní àárọ̀ kùtù, ẹ ó bá obìnrin tó to ìgò páraga sórí tábìlì, egbòogi nínú ọtí líle, tí dírébà ń gbé mì kó tó wa ọkọ̀ elérò mẹ́rìnlá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí irú rẹ̀ náà la ó tún máa bá pàdé bí a ṣe ń lọ.

SỌ́JÀ TÓ TI BỌ́MÀ DÉ

Ọ̀rọ̀ igbó fúnra rẹ̀ yani lẹ́nu, nítorí òfin ló kọ́kọ́ dé, kí ẹni tó ń mu ún tó dé. Ní 1925, ní Geneva, àwọn ìjọba òkèèrè fi igbó kún àwọn oògùn tí wọ́n fẹ́ fi òfin dè. Ní 1935, ìjọba amúnisìn ṣe òfin oògùn eléwu fún Nàìjíríà, igbó sì wà nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, bí ẹ bá mú ewé náà wá sí ọjà Ìpetumodù, bóyá ni ẹnì kan yóò mọ ohun tó jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ogun àgbáyé kejì dé, láti 1939 sí 1945. Wọ́n kó ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa wọ iṣẹ́ sọ́jà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti èkejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gba Íńdíà kọjá lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáàn jà. Àwọn mìíràn wà ní Àríwá Áfíríkà. Ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, ewé igbó ti pẹ́ láàárín àwọn ènìyàn. Sọ́jà tó ń gbọ́ ìró ìbọn lóru nínú ẹrẹ̀ àti òjò rí i pé bí òun bá fa èéfín yìí símú, ẹ̀rù á dín, oorun á wá. Àwọn dókítà tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà gbà pé ọwọ́ àwọn sọ́jà tó dé láti ogun àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi ni igbó ti tàn ká. Èso rẹ̀ kéré, ó rọrùn láti fi pamọ́ sí àpò. Ilẹ̀ wa sì gbà á. Láàárín 1950 sí 1960, ọlọ́pàá ti ń rí oko rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn pè é ní igbó, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ya Abẹ́òkúta díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ yìí bí àìsàn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n sí abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká. Ẹbí kan ní láti bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un. Aláìsàn ń gba ìtọ́jú, ó ń lọ sóko, ó ń bá àwọn ará abúlé ṣeré. Nígbà tó di 1963, Dókítà Tọ́lání Asuni gba ipò lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín 1964 sí 1965, àwọn méjèèjì kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ lórí oògùn olóró, Asuni lórí igbó ní Nàìjíríà, Lambo lórí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lápapọ̀. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà lọ́hùn-ún. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí.

OÒGÙN MÁ-SÙN

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni.

Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aró ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní 1960, ó kọ̀wé lórí àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Orí wọn á máa gbóná, bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ojú wọn á máa ṣú. Wọ́n á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní í wọlé. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, ọpọlọ tó ti rẹ̀. Kò ṣòro fún wa láti mọ ohun tó fà á. Ẹ rántí bí ìdánwò WAEC ṣe máa ń rí nígbà tó bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe ọmọ nìkan ló ń ṣe ìdánwò náà. Bàbá tó ta kòkó, ìyá tó ta gàrí, ẹ̀gbọ́n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí àbúrò, gbogbo wọn ló jókòó sórí àga kan ṣoṣo pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá já, gbogbo ilé ló já.

Nítorí náà, ọmọ kò gbọdọ̀ sùn. Omi tútù ni àwọn kan ń ti ẹsẹ̀ bọ̀. Àwọn mìíràn ń jẹ obì. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan mú oògùn oníhóró wá, èyí tí wọ́n ń tà láàárín ọjà láìsí ìwé dókítà, tó ń lé oorun lọ pátápátá. Àwọn dókítà ń pe irú rẹ̀ ní amphetamine. Ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun ní agbára tí òun kò ní. Oorun tí a jẹ ní gbèsè kò sì lọ síbì kan, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò gba owó rẹ̀ pẹ̀lú èlé. Ní 1976, Dókítà Oviasu tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ènìyàn 491 tí irú oògùn tó ń tani jí yìí ti da láàmú ní Nàìjíríà. 491! Ẹ wò ó bí ọ̀nà ṣe rí: ọmọ tó fẹ́ kàwé ni, kì í ṣe ìpáǹle. Ohun rere ló ń wá lọ kó tó ṣubú sí kòtò.

ÒFIN TÓ LE JÙ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìjọba ṣe. Ní 1966, ìjọba ológun gbé òfin igbó jáde, Decree 19. Ẹni tó bá gbin igbó, ikú ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni tó ń mu ún náà, ẹ̀wọ̀n gbọọrọ ló ń dúró dè é. Kò pẹ́ ni ogun abẹ́lé bẹ́ ní 1967, ìbọn ń dún, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tún wọ iṣẹ́ sọ́jà, igbó sì tún rí àyè. Nígbà tó di 1975, ìjọba mìíràn yọ ikú kúrò nínú òfin náà, wọ́n sì dín ìjìyà ẹni tó ń mu ún kù gan-an. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn ti rí i pé ẹ̀wọ̀n ti ń kún fún ọmọdé.

Láàárín àwọn ọdún 1980, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, owó oṣù kò tó jẹun. Ìgbà yẹn ni oògùn olówó gọbọi, heroin àti cocaine, bẹ̀rẹ̀ sí í gba Èkó kọjá. Heroin ń ti Éṣíà bọ̀, cocaine ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà bọ̀, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó gbé e mì tàbí tó fi pamọ́ sínú àpótí lè rí owó tí tíṣà kò ní í rí ní ọdún mẹ́wàá. Nígbà náà ni ìjọba Ọ̀gágun Bùhárí ṣe Decree 20 ní 1984: ẹni tó bá ṣòwò oògùn wọ̀nyí, ìbọn ni wọn yóò fi pa á. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Kirikiri l'Ékòó: Bartholomew Owoh, Lawal Ojuolape àti Bernard Ogedengbe. Ohun tó mú kí aráàlú pariwo jù ni pé òfin náà padà sẹ́yìn mú ènìyàn: nígbà tí wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, ikú kò tíì sí nínú ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ títí di 1985 yẹn, inú ọ̀rọ̀ ikú wọn ló ti fa eré rẹ̀ tó ń jẹ́ From Zia, with Love yọ ní 1992.

Ní 1986, ìjọba Babangídá fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò ikú. Ní ìparí 1989, wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀ pẹ̀lú Decree 48, òun ló sì ń gbógun ti oògùn olóró títí di òní. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, mi ò ní í bù ú kù. Wọ́n ń mú ènìyàn ní pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì ń wọ inú ẹgàn Oǹdó, Ẹdó, Èkìtì àti Ọ̀ṣun tiwa yìí lọ dáná sun oko igbó tí wọ́n fi pamọ́ sáàárín igi ńláńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: lẹ́yìn ìbọn Kirikiri, ṣé oògùn dín kù? Kò dín. Àwọn tó ń kó o kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó iṣẹ́ fún àwọn tó ń bá wọn ṣe é, ìyẹn náà ń wá ẹni tó máa rà á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó ṣe mọ ohun tó ń jẹ́ gbáná. Ilẹ̀ tí wọ́n kàn ń gbà kọjá di ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lò ó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó ń ta májèlé fún ọmọ ọlọ́mọ yẹ lẹ́jọ́. Àmọ́ ẹni tó ń ta á àti ẹni tí ó ti di bárakú fún, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà, òfin wa sì ti pẹ́ kó tó mọ ìyàtọ̀ wọn.

LÁTI PÁPÁ ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ DÉ KẸ́MÍÌSÌ

Nígbà tí gbogbo ojú wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú, kẹ́míìsì tó wà ládùúgbò ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ríbi wọ̀ ọ́.

Kódíìnì wà nínú omi ìkọ́ tí à ń fún ọmọ. Ó dùn, kò rùn bí igbó, kò sí ìyá tí yóò fura sí ìgò oògùn ikọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Tramadol ní tirẹ̀ jẹ́ oògùn ìrora tí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì gbé jáde ní àwọn ọdún 1970. Dókítà ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ní ilẹ̀ wa, ó di oògùn agbára. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ní kò jẹ́ kí ẹ̀yìn dun òun. Ọlọ́kadà ní kò jẹ́ kó rẹ òun láti àárọ̀ dé òru. Ọkùnrin mìíràn ní ó ń ran òun lọ́wọ́ nínú yàrá. Àjọ NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó bá lé ní mílígíráàmù 100, àmọ́ èyí tó jẹ́ 225 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kún inú ọjà, tí wọ́n kó wọlé lábẹ́lẹ̀. Ẹ tún rí i pé iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe. Ebi ilé ni wọ́n fẹ́ pa.

Ní ìparí oṣù kẹrin 2018, ilé iṣẹ́ BBC gbé fíìmù kan jáde tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń ta kódíìnì ní pàṣípààrọ̀ lábẹ́ tábìlì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé nínú omi ìkọ́. Ọjà rẹ̀ kò parí, owó rẹ̀ ló gun òkè. Àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í po oríṣiríṣi fúnra wọn: igbó, tramadol, kódíìnì àti ọtí nínú ìgò kan. Wọ́n ń pè é ní omi gọ́tà. Bí wọ́n bá po irú rẹ̀ mọ́ sobo, skuchies ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Colorado dé, ewé gbígbẹ tí wọ́n fi kẹ́míkà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó sì di 2021, ariwo mkpuru mmiri, èyí tí wọ́n ń pè ní ice, gba ilẹ̀ Ìgbò kan.

Ní oṣù kìíní 2019, wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí tí àjọ UNODC àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe jáde. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún yín, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Láàárín ọdún kan, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 tó jẹ́ ẹni ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbà tí ti gbogbo ayé kò ju 5.6 lọ. Mílíọ̀nù 10.6 ló lo igbó, mílíọ̀nù 4.6 ló ṣi oògùn ìrora bíi tramadol àti kódíìnì lò. Ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ń lò ó jẹ́ obìnrin, nítorí náà kí á yé wo ọmọkùnrin nìkan. Ní ìpíndọ́gba, ọmọ ọdún 19 ni ẹni tó ń mu igbó nígbà tó kọ́kọ́ fi í sẹ́nu. Apá wo ni ó sì ti pọ̀ jù ní gbogbo Nàìjíríà? Apá tiwa ni, gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìdá tó lé ní 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkó nìkan jẹ́ 33. Ta ni nínú wa tí kò ní ọmọ l'Ékòó?

OHUN TÓ Ń ṢE NÍNÚ ARA

Àwọn kan ṣì rò pé ọmọ tó wọ inú rẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀ ni, pé olórí kunkun ni. Ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe èròjà tó ń pa ìrora, tó sì ń fún ọkàn ní ìtura. Kódíìnì àti tramadol ń jókòó sí àga tí èròjà yẹn máa ń jókòó sí. Bó bá pẹ́, ara á ní kí ni òun ń ṣe làálàá sí, á dín tirẹ̀ kù. Hóró kan tó tó lánàá kò ní í tó lónìí. Ọjọ́ tí kò bá sí, gbogbo eegun á máa dùn ún, òógùn á bò ó, imú á máa ṣomi, inú á máa ṣàn, kò ní í lè sùn. Nígbà yẹn, kò wá adùn mọ́, ìrora ló ń sá fún. Bó bá lo tramadol jù, gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀. Bó bá pò ó mọ́ ọtí tàbí oògùn oorun, èémí rẹ̀ lè dín títí yóò fi dákẹ́ lójú oorun. Ní ti igbó, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kékeré tó sì ń mu ún lójoojúmọ́, pàápàá èyí tó lágbára, ń fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Ìdí nìyí tí ìbúra nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, bó ti dára tó, kò fi lè dá ṣe é. Àdúrà ń ràn án lọ́wọ́. Ara rẹ̀ tún nílò dókítà.

KÍ WÁ NI ÌTÀN YÌÍ Ń KỌ́ WA?

Àbọ̀ ìwádìí yẹn sọ ohun kan tó dùn mí jù gbogbo nọ́ńbà yòókù lọ. Nínú àwọn tí oògùn ti wọ̀ lẹ́wù, bíi ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ ìtọ́jú tí wọn kò rí i gbà. Owó rẹ̀ wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò pọ̀, ìtìjú sì ń dí wọn lọ́nà. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ náà ti fẹ́ padà wálé, ilẹ̀kùn ni kò rí.

Ibi tí a sì ń gbé wọn lọ nígbà mìíràn burú ju oògùn náà lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná, wọ́n bá ènìyàn tó lé ní 300, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́sẹ̀. Kí á tó sọ pé ti òkè ọya nìyẹn, ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Ọjọ́ọ̀, n'Ìbàdàn níbí. Òbí àti ẹbí ló mú ọ̀pọ̀ wọn lọ fúnra wọn, tí wọ́n ń sanwó, tí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tún ọmọ àwọn ṣe. Ìfẹ́ ló gbé wọn débẹ̀, àìmọ̀ ló ṣe wọ́n. Ẹ ronú lórí rẹ̀: láti 1954 ni Lambo ti fi hàn ní Aró pé ẹ̀bá ẹbí àti láàárín ènìyàn ni orí tó dàrú ti ń sàn, ọdún márùndínláàádọ́rin lẹ́yìn rẹ̀ a ṣì ń fi irin de ọmọ. Òfin wèrè tí òyìnbó ṣe ní 1916 ló ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ òfin wa lórí àìsàn ọpọlọ títí di oṣù kìíní 2023, nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin ti yí padà, ó ku àwa.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin níwájú ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí á tètè bi ọmọ léèrè ohun tí ó ń wá kí á tó bi í léèrè ohun tí ó ń mu. Ṣé oorun ni kò rí sùn? Ṣé iṣẹ́ ló pọ̀ jù? Ṣé ìdánwò ló já lẹ́ẹ̀mejì? Bí a bá rí ihò náà, a ó mọ ibi tí a ó ti dí i. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Èkejì, ẹ̀yin olùkọ́, yálà ẹ ti fẹ̀yìn tì tàbí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú yín ló kọ́kọ́ ń rí i. Ọmọ tó máa ń dáhùn ní kíláàsì tó wá ń sùn, tó ń ta ìwé rẹ̀, tó pa ọ̀rẹ́ àtijọ́ tì. Ẹ jọ̀ọ́, kí lílé e kúrò nílé-ìwé jẹ́ ohun tó kẹ́yìn pátápátá. Ọmọ tí a lé kúrò ní kíláàsì, gáréèjì ni yóò gbà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ́míìsì nínú wa, mo mọ̀ pé ọjà kò yá, owó rẹ̀ sì ń ya ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tí ẹ tà á fún lónìí, bóyá ọmọ ẹni tí ẹ jọ ní nọ́ńbà tẹ̀lé ara yín nínú rẹ́jísítà ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ yìí ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ohun tí a ń dá lọ́dọọdún, kí á fi ran ẹbí kan tàbí méjì lọ́wọ́ fún ìtọ́jú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. A ti kọ́ géètì, a ti ra àga, wọ́n dára. Àmọ́ ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ibi ìtọ́jú kò jìnnà sí wa. OAUTHC wà n'Ífẹ̀, ó ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, Wesley Guild sì wà n'Íléṣà. Aró ṣì wà l'Ábẹ́òkúta, ó ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ènìyàn lè pè fún ìmọ̀ràn láìbẹ̀rù pé wọ́n ń bọ̀ wá mú un: 080010203040. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí a bá tún pàdé ní àjọ̀dún tó ń bọ̀, tí ọ̀rẹ́ yín bá fi ohùn kékeré sọ pé ara ọmọ òun kò yá, ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà sí ti sìmẹ́ǹtì. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bi í pé, "Ọ̀rẹ́, ibo ni ìtọ́jú dé, kí ni mo lè ṣe?" Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa la sì ti di àgbà báyìí.

Olúwa yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ọ̀dọ́ Ẹdúnàbọ̀n kò ní í ṣòfò.